Ìtumọ̀ "Aṣeyọ̀" fún Hálójìn: Àríwísí Kan

Nígbà tí a kọ́kọ́ ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé hálójìn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, "aṣeyọ̀" ni a pè é. Ìtumọ̀ náà dùn mọ́ wa, nítorí pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ní èdè Gíríìkì nìyẹn: ohun tí ó ń mú iyọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọmọ kan béèrè pé, bí sódíọ̀mù àti kúlórìnì bá para pọ̀ di iyọ̀ ọbẹ̀, kí ni ó dé tí a fi pe ọ̀kan ní aṣeyọ̀ tí a kò pe èkejì bẹ́ẹ̀? A kò rí èsì gidi fún un ní ọjọ́ náà.

Ní èrò tiwa lónìí, ọmọ náà jàre. Iyọ̀ tí Yorùbá mọ̀, ti inú ìkòkò ọbẹ̀ ni. Ti kẹ́mísírì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn kò sì ní hálójìn kankan nínú, bí àpẹẹrẹ, kọ́pà súlféètì. Ìtàn orúkọ ni "aṣeyọ̀" ń sọ, kò sọ ìwà ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

"Afẹ́fẹ́ olóró" tí àwọn mìíràn lè fẹ́ tilẹ̀ burú jù. Afẹ́fẹ́ ni fúlúórìnì àti kúlórìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n olómi tí ó pọ́n rúsúrúsú ni búrómìnì, áyódìnì sì le gbagidi. Áyódìnì yìí kan náà ni ara ń fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí gẹ̀gẹ̀ má baà yọ.

Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù méje ni ó wà ní ìpele òde átọ̀mù wọn. Ẹyọ kan ni ó kù kí ó pé mẹ́jọ, òun ni wọ́n sì ń wá. Bí a bá da omi kúlórìnì sínú omi pọtásíọ̀mù búrómáìdì tí kò ní àwọ̀, kúlórìnì yóò gba ẹ̀lẹ́kítírọ̀nù lọ́wọ́ búrómáìdì, omi náà yóò sì di aláwọ̀ ọsàn. Áyódìnì kò lè ṣe é. Níhìn-ín ni kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "alágbára": fúlúórìnì tí átọ̀mù rẹ̀ kéré jù láàrin wọn ni ó ń fa ẹyọ náà jù. Ọmọ tí ó bá rò pé àgbà ni ó ní agbára yóò tò wọ́n sódì. A ti rí i nínú ìwé ìdánwò léraléra.

Nítorí náà, kí "hálójìn" dúró bí ọ̀rọ̀ àyálò. Bí a bá fẹ́ ti Yorùbá dandan, "a-wá-ẹyọ-kan" sàn ju "aṣeyọ̀" lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé háídírójìn náà ń wá ẹyọ kan, kí tirẹ̀ lè pé méjì.