Kónílé-Ó-Gbélé ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: Àyẹ̀wò Òfin Kan àti Èdè Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí fún òfin: ilé àwọn tí òfin yóò dè ni ó yẹ kí aṣòfin wò kí ó tó fún òfin rẹ̀ lórúkọ. Ní ọdún 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, òfin kan jáde tí orúkọ rẹ̀ gba ẹnu tọmọdé tàgbà kan, èyí ni kónílé-ó-gbélé. Orúkọ náà dùn-ún gbọ́, ó sì rọrùn láti rántí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí lè má bá ilé tí a sọ ọ́ sí mu. Ohun tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ní nígbà tí ó dé Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí oúnjẹ òòjọ́ ti ń ti oko, ọjà àti ojú ọ̀nà wá, tí àrùn mìíràn sì ti ń bá àwọn ènìyàn jà nínú ilé kí Kòrónà tó dé.

Ó dára kí ìtàn òfin náà kọ́kọ́ yéni. Ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé, ọdún 2020, ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ní àrùn náà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ Muhammadu Buhari ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa fún ọjọ́ 14. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó tún fi ọjọ́ 14 mìíràn kún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù Igbe ni a kéde ẹni àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí, òfin ìjọba àpapọ̀ ká gbogbo orílẹ̀-èdè: kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn láti agogo mẹ́jọ alẹ́ títí di agogo mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, kí olúkúlùkù sì máa lo ìbòmú. Ìdènà ìrìn-àjò láàárín ìpínlẹ̀ kò kúrò títí di ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ti wà ní títì láti oṣù Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ 17 oṣù Ògún ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó jókòó fún ìdánwò àṣekágbá tí ó yẹ kí wọ́n ti ṣe tán.

Gbólóhùn àṣẹ odindi ni orúkọ òfin yìí: kí onílé ó gbé ilé. Kòrónà kọ́ ni ó bí i. Àwọn oníròyìn ti ń lò ó tipẹ́ fún òfin tí ìjọba máa ń ṣe nígbà tí ìjà ìgboro bá bẹ́ sílẹ̀, tí a ń lé gbogbo ènìyàn wọlé kí ìlú lè rọlẹ̀. Etí Yorùbá tún ń gbọ́ ohùn Orò nínú rẹ̀. Nítorí ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí Orò bá fẹ́ jáde, àwọn obìnrin a wọlé, wọn a sì tilẹ̀kùn. Ohun kan pa ìlò méjèèjì pọ̀: wọn kì í pẹ́. Ìlú mọ ọjọ́ Orò ṣáájú; obìnrin ti ra ọjà, ó ti pọn omi, ó ti se ọbẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe òfin tí yóò gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, aṣọ ọmọdé ni ó fi wọ àgbàlagbà lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ náà ‘ilé’ pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. Yorùbá a máa wí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òwe yìí kò ya ilé kúrò lára oko, nítorí ẹni tí kò lọ kì í bọ̀. Ilé ni ibi tí a ń kó ohun tí a bá rí níta wá. Níbi tí òṣìṣẹ́ ti lè jókòó sílé kí owó oṣù rẹ̀ sì wọlé, ilé lè tó fún gbogbo nǹkan. Àmọ́ ní Ìfọ́n, ní Ìdóàní, tàbí ní àwọn abúlé tí ó yí Ọ̀wọ̀ ká, bí a bá gba oko àti ọjà kúrò lára ilé, ògiri àti òrùlé lásán ni ó kù.

Ẹ wo bí òfin náà ti bá ọjọ́ àgbẹ̀ àti ti ìyálọ́jà pàdé. Àkókò tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ní agbègbè yìí ni òfin dé, nígbà tí a ń gbin àgbàdo, tí iṣu sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà kì í dúró de agogo mẹ́fà kí ó tó jáde nílé. Lóòótọ́, ìjọba yọ àwọn tí ń pèsè oúnjẹ sílẹ̀ nínú òfin; ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Ọlọ́kadà ni ó ń gbé e lọ, oníbàárà ni ó ń ra irè rẹ̀, awakọ̀ ni ó sì ń kó o dé ìlú. Nígbà tí ọkọ̀ dín èrò kù, owó ọkọ̀ gòkè. Ẹni tí ń fi owó tí ó rí lọ́sàn-án ra oúnjẹ ní ọjà alẹ́ bá ọjà náà ní títú kí ó tó dé ibẹ̀. Ní apá Ọ̀sẹ́, níbi tí ọ̀nà Ìfọ́n ti wọ ilẹ̀ Ẹdó, ààlà ìpínlẹ̀ jẹ́ ìlà tí ìjọba fà. Ọjà, oko àti ìbátan kò mọ ìlà náà. Ẹni tí àná rẹ̀ wà ní òdìkejì di arìnrìn-àjò tí ó rú òfin láàárín ọjọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù ni ọ̀rọ̀ ibà Lásà. Ìlú Lassa ní Bọ̀rnó ni ibà yìí ti gba orúkọ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ wà lára àwọn ibi tí ó ń jà jù lónìí, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2020 kan náà, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní ibà Lásà ní Nàìjíríà ju 1,000 lọ, Oǹdó àti Ẹdó nìkan sì ni ó ni ju ìdajì wọn. Èkúté ni ó ń gbé e wọ ilé. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń ba oúnjẹ jẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó sì ń pọ̀ jù. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ilé: kí wọ́n dé oúnjẹ àti ọkà pa, kí wọ́n má sá gààrí sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí wọ́n ro ìgbẹ́ tí ó yí ilé ká. Lójijì, nígbà tí ibà yìí kò tí ì rọlẹ̀, ohùn kan náà wí pé ilé ni ààbò wà. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò tako ara wọn nínú ìmọ̀ ìṣègùn, ṣùgbọ́n wọ́n tako ara wọn nínú èdè. Èdè ni ará ìlú sì ń gbọ́. Ara gbígbóná ni àmì àrùn méjèèjì. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná, tí a ní kí ó gbé ilé, lè gbélé títí ọwọ́ oníṣègùn kò fi ní ká ibà rẹ̀ mọ́.

Kòrónà fúnra rẹ̀ kò sọ pé kí a gbélé. Èémí ni ó ń bá rìn, ó sì ń ràn jù níbi tí ènìyàn pọ̀ sí nínú iyàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti rìn. Àgbẹ̀ tí ó dá wà láàárín ebè rẹ̀ ní gbangba bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju ènìyàn mẹ́wàá tí ó há sí iyàrá kan lọ. Ohun tí ó yẹ kí òfin kọ̀ ni ìfúnpọ̀. Ohun tí orúkọ rẹ̀ kọ̀ ni ìta. Irú àṣìṣe yìí náà ni ó wà nínú ‘ìtakété síra ẹni.’ Lẹ́nu Yorùbá, ènìyàn burúkú ni à ń takété sí. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa ti ní ohun tí à ń wá: ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò gba ìfọwọ́kanra kankan, wọ́n sì kún fún ọ̀wọ̀. Síbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ ni a ní kí àgbà àti ọmọdé máa fi kí ara wọn.

Àwọn kan á wí pé àwọn ará ìlú ni kò fẹ́ pa òfin mọ́. Wọ́n á tọ́ka sí ìbòmú tí ó wà lábẹ́ àgbọ̀n títí olọ́pàá fi yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Igógo jẹ́rìí lòdì sí wọn. Nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni Ọ̀wọ̀ ń ṣe ọdún yìí fún ọjọ́ 17, ní ìrántí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, tí ìtàn sọ pé ó fi ilé sílẹ̀ nígbà tí àwọn orogún rẹ̀ mú kí a rú èèwọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ Igógo, ìlù kò gbọdọ̀ dún. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ìlú tí ó fẹ́ràn ìlù àti ẹ̀yẹ gba òfin yìí láìsí olọ́pàá ní oríta.

Ìdí mẹ́ta ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èkíní, gbogbo ènìyàn mọ ìtàn tí ó bí òfin náà. Èkejì, wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò parí. Ẹ̀kẹta, òfin tí ó gba ìlù lọ́wọ́ wọn fi agogo lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà ijó kò parẹ́. Bí a bá fi ìwọ̀n yìí wọn kónílé-ó-gbélé, kò kún un. Iye àwọn tí ó ní àrùn ni rédíò ń kà lójoojúmọ́. Ìtàn bí àrùn ti ń rìn kò tó nǹkan. Ọjọ́ ìparí ń sún síwájú. Níti agogo tí yóò rọ́pò ìlù, èyíinì ni oúnjẹ tí yóò rọ́pò ọjà, ẹjọ́ ńlá ni.

Ayé ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ní ọdún 1666, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń jà ní abúlé Eyam ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ibẹ̀ gbà láti má kọjá ààlà wọn kí àrùn má bàa ràn dé ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ń gbé oúnjẹ sí ẹ̀bá òkúta ààlà fún wọn. Ní Nàìjíríà, oúnjẹ ìrànwọ́ jáde lóòótọ́. Síbẹ̀, ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó, ní Ẹdẹ àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sì bá àpò oúnjẹ nílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé pípín rẹ̀ ni kò tí ì parí, àti pé a pa apá kan mọ́ de ìgbà tí àrùn lè tún padà. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kò lè jó sí agogo tí ó wà nínú àká.

Yóò jẹ́ àìṣòótọ́ bí a bá wí pé kò yẹ kí òfin wà rárá. Àrùn náà kì í ṣe àlọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Òkúdù 2020, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, kéde pé òun ní in. Ara rẹ̀ padà yá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ, Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, Kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ náà, ẹni tí ó ń darí ìjà sí àrùn yìí, kú nípasẹ̀ rẹ̀. Àkókò kò sí láti jókòó yan ọ̀rọ̀ bí ẹni yan aṣọ ìyàwó. Ẹ̀bi tí àyẹ̀wò yìí rí kì í ṣe pé a ṣòfin. Ẹ̀bi náà ni pé a túmọ̀ òfin ìlú mìíràn sí Yorùbá, a kò sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìgbé-ayé Yorùbá. Bí a bá ti wí pé ‘ẹ má fún pọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lọ sí oko, ẹ ya àyè sí àárín ìsọ̀ lọ́jà, ẹ sì dé oúnjẹ pa nílé,’ àṣẹ kan náà ìbá dènà Kòrónà, ìbá sì rántí Lásà.

Iṣẹ́ kan wà níhìn-ín fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn lè dé. Ibà Lásà kò tilẹ̀ tí ì lọ. A kò gbọdọ̀ fi yíyan ọ̀rọ̀ fún àkókò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń sáré túmọ̀ ìwé àṣẹ ní ọ̀sán ọjọ́ tí yóò kà á ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbà àlàáfíà ni ó yẹ kí a jókòó ti àgbẹ̀, ìyálọ́jà àti nọ́ọ̀sì, kí a sì bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ tí etí wọn yóò gbà. Ọ̀rọ̀ rere ni í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sì mọ ilé tí ó wọ̀, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.