Ta Ló Ní Ọba Kò So Falẹ̀ Jù?

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ dá sí. Lọ́jọ́ tí a lọ sí Òṣogbo, Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ la ń kà sókè nínú bọ́ọ̀sì láti Festac títí dé ọ̀hún. Nígbà tí à ń bọ̀, àwọn kan ní eré náà falẹ̀ jù, pé oríkì àti ọfọ̀ ti pọ̀ nínú rẹ̀, pé bí a bá máa ṣe é ní kámpọ́ọ̀sì, ká gé e sí ìṣẹ́jú 40. Èmi ò gbà o.

Ẹ wò ó. Ṣàngó ní jagunjagun méjì, Tìmì àti Gbọ̀nńkáà. Nígbà tí agbára wọn ń di ìyọnu fún Ọ̀yọ́, ọba rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Dípò kó parẹ́ síbẹ̀, ńṣe ló di ńlá. Ni wọ́n bá ní kí Gbọ̀nńkáà lọ mú un wálé. Tìmì yìí kan náà ni ọlọ́fà iná! Kí wá ni Gbọ̀nńkáà fi mú un? Ẹnu ni. Ó pe ọfọ̀ títí oorun fi gbé Tìmì lọ. Ẹni tó bá gé ọfọ̀ yẹn kúrò ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ Gbọ̀nńkáà. Ohun tó máa kù lórí ìtàgé ni ọkùnrin kan tó ṣàdédé sùn.

Ẹ rántí pé bọ́ọ̀sì wa gba Ẹdẹ kọjá, lẹ́yìn Gbọ̀ngán. Ìwé ṣì wà lọ́wọ́ wa níbẹ̀. Tìmì ni wọ́n ń pe ọba ìlú náà títí dòní, àwọn kan nínú wa ò mọ̀. Ìyá tó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wa l'Óṣogbo kí wa kú ìrìn, ó kí wa kú oòrùn, ó bi wá léèrè ilé, kó tó dárúkọ iye. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìyẹn falẹ̀ jù. Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín. Ní Mile 2, kó o tó parí irú ìkíni bẹ́ẹ̀, dánfó ti lọ, ẹlòmíì ti jókòó sáyè rẹ. Mo rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà: etí Mile 2 la fi ń gbọ́ eré Òṣogbo.

Ilé ọtí ni Ládiípọ̀ sọ di Mbárí Mbáyọ̀ lọ́dún 1962. Orúkọ Ìgbò ni Mbari, ará ọjà Òṣogbo ló fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. 1963 ló gbé Ọba Kò So jáde, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, ó sì gbé e lọ sí Berlin ní 1964. Àwọn ará Jámánì tí ò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" jókòó wò ó. Àwa wá ni oríkì sú!

Ó sì yẹ kó dun àwa ará Festac àti Amuwo ju ẹnikẹ́ni lọ. Torí àjọ̀dún 1977 ni wọ́n ṣe kọ́ àdúgbò wa, kí àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú láti gbogbo ayé lè ríbi sùn. Eré tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ nígbà náà, Langbodo ti Wálé Ògúnyẹmí, inú ìtàn Fágúnwà ló ti wá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Mi ò bú u o. Àlejò pọ̀ nílé. Àwa tí à ń ka ìwé yìí ní Yorùbá kì í ṣe àlejò.

Ibi tí mo ti ní ìjà pẹ̀lú Ládiípọ̀ ni ìparí. Ìyẹn ló yá jù. Ọba tí gbogbo ayé kọ̀ sílẹ̀ pokùn so, kí a tó mí, ó ti dòrìṣà, ariwo pé kò so ti gbòde. Mo fẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wà láàárín méjèèjì, ká rí ojú àwọn tó mọ ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì pinnu láti sọ nǹkan mìíràn. Ẹ fi kún un níbẹ̀, ẹ má gé e.

Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní bàbá àgbà tó mọ ọfọ̀ pè, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá kọ́ wa. Bí a bá sì gbọ́dọ̀ gé nǹkan, ọ̀rọ̀ ìkíni alága ni ká gé.