Ìlú Tí Kò Lè Kọ̀: Ọba àti Àṣẹ nínú Eré Aurion

Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí Kiro'o Games ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé jáde ní 2016, jẹ́ eré orí kọ̀ǹpútà tí a gbé ka ìtàn mérìíyìírí. Enzo Kori-Odan ni aṣeré ń darí. Ọjọ́ ìwúyè rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọba Zama ni Ngarba Evou, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun àti Erine, aya rẹ̀, wá di alárìnkiri tó ń wá agbára àjogúnbá láti fi gba ìtẹ́ padà.

Bó ti wù kí aṣeré mọ eré náà ṣe tó, Enzo gbọ́dọ̀ pàdánù adé. Èmi kò ka ìyẹn sí àléébù. Ọba Yorùbá pàápàá kì í dá ìlú ṣe. Láyé àtijọ́, Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ ní láti ṣígbá wò. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé: ta ló pa ààlà fún ọba, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ìtàn kan láti Òkè-Ògùn là wá lóye. Lẹ́yìn tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho di olú-ìlú. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé Aláàfin Abípà pinnu láti padà, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè kò fẹ́, nítorí Ìgbòho ni ilé tí wọ́n mọ̀. Wọn kò yọ idà. Wọ́n rán abuké, arọ àti àfín lọ sí ahoro náà lóru, kí wọ́n máa ṣe bí iwin láti dẹ́rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Abípà rán ọdẹ, wọ́n mú àwọn "iwin" náà. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Kò bẹ́ orí ìjòyè kankan. Ó kàn jẹ́ kí oníkálùkù tún fojú kan ẹni tó rán níṣẹ́. Ojú tì wọ́n, wọ́n sì gbà láti lọ.

Àwọn ìjòyè Ìgbòho ní ìdí tiwọn, ọba sì ní láti fi ọgbọ́n borí wọn. Nínú Aurion, ọ̀rọ̀ ìṣèlú pọ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn, wọ́n sì ń sọ ọ́ dáadáa. Síbẹ̀, ìjà ni ọgbọ́n aṣeré ti ń ṣiṣẹ́ jù. Òǹkọ̀wé eré ló pa ààlà fún un, kì í ṣe àwọn ará Zama. Ọ̀dọ́ tó ń ṣe é lè rò pé agbára ìjà nìkan ló ń dá ọba padà sórí ìtẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Ọ̀yọ́ di irú eré yìí, kí ó fi àwọn ìjòyè tó lè kọ̀ sínú rẹ̀, kí ó sì fún aṣeré ní ọ̀nà mìíràn tí yóò fi bá wọn rẹ́ yàtọ̀ sí idà.