Ìyà Àjọjẹ àti Orúkọ Ẹni: Àgbéyẹ̀wò Àfihàn Entangled Pasts

Láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2024, Royal Academy of Arts ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n pè ní Entangled Pasts, 1768–now. Ọdún 1768 ni wọ́n dá Royal Academy fúnra rẹ̀ sílẹ̀, ní àkókò tí òwò ẹrú orí òkun Àtìláńtíkì ń gbilẹ̀. Àfihàn náà kó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán àtijọ́ bíi Joshua Reynolds, John Singleton Copley àti J. M. W. Turner pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn tòde òní bíi Frank Bowling, Lubaina Himid àti Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì dàgbà ní Èkó. Ìbéèrè kan ni irú ìkójọpọ̀ báyìí gbé dìde: nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá jọ jẹ ìyà kan náà, ta ni ayàwòrán ń dárúkọ, ta sì ni ó ń fi sílẹ̀ láìlórúkọ?

Iṣẹ́ Copley ni ó fi ìbéèrè náà hàn jù. Lára ohun tí wọ́n gbé kọ́ ni àwòrán orí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó yà ní nǹkan bí ọdún 1777 sí 1778. Ìgbáradì ni ó jẹ́ fún Watson and the Shark, gbajúmọ̀ àwòrán tí ó sọ ìtàn Brook Watson, ọmọkùnrin ọdún 14 tí ẹja ńlá kan gé lẹ́sẹ̀ ní èbúté Havana lọ́dún 1749. Watson yè é, ó sì di olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbẹ̀yìn. Nínú àwòrán ńlá náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú dúró ní òkè pátápátá nínú ọkọ̀, okùn ìgbàlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtàn kò gbàgbé orúkọ ẹni tí ó ṣubú sómi. Ti ọkùnrin tí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú àkọlé. Òǹkàwé Yorùbá kò sì lè gbàgbé pé èbúté Havana yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn Lukumí gbà wọ Kúbà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, tí wọ́n ń kà wọ́n bí ẹrù. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo mú omi náà di gbajúmọ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye tí ó gba orí rẹ̀ kọjá kò rí ẹni yà wọ́n.

Ti Turner le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1840, ní Royal Academy yìí náà, ó ṣe àfihàn àwòrán ọkọ̀ ẹrú tí ń da òkú àti àwọn tí ń kú lọ sínú òkun. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ so ó mọ́ ìtàn ọkọ̀ Zong ti ọdún 1781, nínú èyí tí wọ́n ju ènìyàn tí ó lé ní 130 sómi, kí àwọn olówó ọkọ̀ lè gba owó lọ́wọ́ adójútòfò. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè nìkan ni olùwòran ń rí nínú rẹ̀. Kò sí ojú ẹnì kan. John Ruskin yìn ín títí lọ́dún 1843 nítorí bí Turner ṣe ya omi àti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni ó ti sọ pé ọkọ̀ ẹrú ni. Boston ni àwòrán náà wà, kò sí ní àfihàn ọdún 2024. Èyí tí Turner yà nípa àwọn apẹja àbùùbùtán ni wọ́n fi ṣojú rẹ̀. Àléébù ni èyí, nítorí omi Turner láìsí òkú inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí omi tí Ruskin yìn.

Middle Passage tí Bowling yà lọ́dún 1970 ni ó dí àlàfo yìí díẹ̀. Láti òkèèrè, pupa àti yẹ́lò rẹ̀ jọ ìwọ̀ oòrùn Turner. Bí olùwòran bá súnmọ́ ọn, yóò rí i pé àwòrán ẹbí Bowling fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dà náà. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Turner sunkún, kò ríran. Bowling rí àwọn ará ilé rẹ̀ nínú omijé.

Naming the Money tí Himid ṣe lọ́dún 2004 lọ síwájú sí i. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ga tó ènìyàn gidi ni ó gé láti ara pákó: onílù, oníṣègùn, aránbàtà, amọ̀kòkò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí a bí i mọ́ àti èyí tí olówó rẹ̀ fún un, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ àti èyí tí wọ́n fipá fún un. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìwà ọ̀daràn àwọn olówó ẹrú ni pé wọ́n sọ ènìyàn lórúkọ láìwo ilé rẹ̀. Himid dá ọ̀rọ̀ náà padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, láti inú ọkàn Himid ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wá, bẹ́ẹ̀ orúkọ gidi kò ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ tí wọ́n kó lọ sí Freetown, wọ́n kọ orúkọ ìbílẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, ti Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Àjàyí tí wọ́n mú ní Òṣoògùn lọ́dún 1821, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí a gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì ti ba púpọ̀ nínú àwọn orúkọ náà jẹ́; ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó lè tún wọn pè.

Ẹnì kan lè sọ pé pípe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan yóò tú ìyà àjọjẹ ká di ìyà ẹnìkọ̀ọ̀kan. Oríkì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí a bá ń kì, ìdílé rẹ̀ ni a ń kì pẹ̀lú. Fífi ayàwòrán àtijọ́ kojú tòde òní ń jẹ́ kí olùwòran mọ ohun tí ó sọnù. Ẹni tí ó sọnù ni ó ṣì ń dúró dè kí a pe òun.