Ìbẹ̀rù Láìsí Àwòrán: Àyẹ̀wò Lost Themes, Àwo Orin John Carpenter

Ìfáárà

Àríyànjiyàn ti pẹ́ láàrin àwọn lámèyítọ́ orin lórí bóyá ìró tí kò ní ọ̀rọ̀, tí kò sì ní àwòrán, lè dẹ́rù ba ènìyàn fúnra rẹ̀, tàbí bóyá ńṣe ni ó máa ń yá ẹ̀rù lò lọ́wọ́ ìtàn tí wọ́n bá so ó mọ́. Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí etí Yorùbá. Níbi tí dùndún ti ń fọhùn, tí ohùn ìlù ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ohun tí olùgbọ́ kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, kí ni ìlù náà ń wí? Àwo orin Lost Themes, tí ilé-iṣẹ́ Sacred Bones gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejì ọdún 2015, kò wí nǹkan kan. Orin mẹ́sàn-án ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ olórin tí wọ́n ń pè ní síńtẹ̀sáísà ni ó sì jẹ́ òpómúléró gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu kọrin níbẹ̀, síbẹ̀ olùgbọ́ a máa bojú wẹ̀yìn. Èrò bébà yìí ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà to ìró ni ó bí ẹ̀rù náà, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fún àwọn orin ọ̀hún.

Ibi tí Àwo náà ti Ṣẹ̀ Wá

John Carpenter, tí wọ́n bí ní 1948, ni ó ṣe àwo náà pẹ̀lú Cody Carpenter, ọmọ rẹ̀, àti Daniel Davies, ọmọ ìsàmì rẹ̀. Iṣẹ́ fíìmù ni ayé fi mọ Carpenter. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe orin fún púpọ̀ nínú fíìmù rẹ̀, lára wọn Halloween (1978) àti The Fog (1980), ìtàn àwọn òkú tí wọ́n bá kùrukùru wọ ìlú kan létí òkun láti gba ẹ̀san. Bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ olùkọ́ orin ní yunifásítì ni ó kọ́ ọ ní ìlù tí ó ń ka márùn-ún márùn-ún, èyí tí ó wá lò fún Halloween. Carpenter ti sọ ọ́ rí pé ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ fíìmù wo Halloween kí wọ́n tó fi orin sí i, ẹ̀rù kò sì bà á rárá. Nígbà tí orin wọ inú rẹ̀ tán ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Ti Lost Themes yàtọ̀. Kò sí fíìmù kankan tí wọ́n ṣe é fún. Carpenter àti ọmọ rẹ̀ a máa ta géèmù orí ẹ̀rọ fún wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà wọn a lọ máa fi orin dárà. Báyìí ni àwọn orin náà ṣe kóra jọ. Orúkọ àwo náà ń dọ́gbọ́n sọ pé orin fíìmù tí ó sọnù ni wọ́n. Fíìmù ọ̀hún kò fìgbà kan wà.

Orúkọ àti Ìrántí

Àtakò méjì ni ó lè dìde. Èkíní ni pé ìrántí ni ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹni tí ó ti wo Halloween lè gbọ́ dùùrù Carpenter, kí ara rẹ̀ sì bù máṣọ kí orin tó dé ibi kan. Òtítọ́ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Bí ìrántí bá ni gbogbo rẹ̀, ó yẹ kí orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán dẹ́rù bani bákan náà, nítorí ọwọ́ kan náà ni ó ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí.

Èkejì ni ti orúkọ. Wraith jẹ́ òjìji òkú. Purgatory ni ibi tí àwọn Kátólíìkì gbà pé ọkàn òkú ti ń gba ìwẹ̀nùmọ́. Night sì ni òru. Ṣùgbọ́n orúkọ kì í kọjá ibi tí èdè bá mọ. Òjìji lásán ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wraith. Àkúdàáyà Yorùbá ẹ̀wẹ̀ a máa jẹun, a máa ná ọjà, a sì máa bímọ. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí nǹkan kan dìmú nínú orúkọ wọ̀nyí, ìró náà yóò sì wọ̀ ọ́ létí síbẹ̀.

Ìlò Ìró

Night, tí ó kẹ́yìn àwo náà, ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Ìró kan tí ó rẹlẹ̀ ń lù léraléra bí àyà ẹni tí ó sá pamọ́. Orin díẹ̀ ń rá pálá lórí rẹ̀, kò sì kánjú. Àwítúnwí yìí jọ ìṣẹ́ alárìnkiri tí ń pààrà ẹnu ọ̀nà láìkan ilẹ̀kùn. Olùgbọ́ ń retí àyípadà, àyípadà kò dé. Nínú ìretí náà ni ẹ̀rù ti ń hù. Orin adùn ni ó wà lókè, ìró ìsàlẹ̀ kò sì bá a dá sí adùn náà. Àìgbọ́ra-ẹni-yé láàrin méjèèjì ni ó ń kó jìnnìjìnnì báni.

Àléébù àwo náà wà ní òdìkejì èyí. Purgatory bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, àyè gbalasa sì wà láàrin ìró kan àti èkejì. Nígbà tí ìlù wọlé tí eré sì le, ẹ̀rù di ìlépa. Nínú Vortex pẹ̀lú, gìtá ń fi agbára sọ ohun tí dùùrù ti ń dọ́gbọ́n sọ. Ewu tí ó ti fara hàn ṣeé sá fún. Èyí tí kò tíì fara hàn ni ó ń so ẹsẹ̀ ẹni mọ́lẹ̀. Carpenter olùdarí fíìmù mọ èyí dáadáa, nítorí nínú The Fog ó jẹ́ kí kùrukùru ṣáájú òkú. Carpenter olórin a máa gbàgbé rẹ̀ nígbà mìíràn.

Àsokágbá

Àwo mẹ́ta mìíràn ti tẹ̀ lé èyí lábẹ́ orúkọ kan náà, ní 2016, 2021 àti 2024. Ìdájọ́ tí ó tọ́ sí ti àkọ́kọ́ ni pé ó borí ní ibi tí ó ti ní sùúrù, ó sì rọ ní ibi tí ó ti ń wá àwòrán tí kò sí. Orin kò lè ya iwin. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó gbá ilẹ̀ yàrá kan, kí ó fi àga sí i, kí ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Night ṣe bẹ́ẹ̀, àga náà sì ṣófo títí orin fi parí.