Mefibóṣẹ́tì: Orúkọ Ìtìjú àti Ẹjọ́ Tí Ọba Kò Dá

Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kejì, Mefibóṣẹ́tì, ọmọ Jónátánì, ọmọ ọmọ Sọ́ọ̀lù ọba, kò yọjú ju ìgbà mélòó kan lọ, ọ̀rọ̀ tó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde kò tó nǹkan; síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ wà lára ibi tí ọnà ìsọ̀tàn àwọn Hébérù ti jinlẹ̀ jù lọ, nítorí pé òǹkọ̀wé gbé ẹjọ́ kan kalẹ̀ níbẹ̀ tí ọba inú ìtàn kò dá. Ohun tó gba àkíyèsí ni pé orúkọ tí a fi ń pe ọkùnrin yìí ti dá ẹjọ́ náà kí òǹkàwé tó dé ìdí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àmì fi hàn pé kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Bóṣẹ́tì, apá tó kẹ́yìn orúkọ náà, túmọ̀ sí ìtìjú ní èdè Hébérù. Nínú Ìwé Kíróníkà Kìíní, níbi tí a ti to ìran Sọ́ọ̀lù ní orí 8 àti orí 9, Merib-báálì ni ọmọ Jónátánì ń jẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ tí Ìwé Sámúẹ́lì ń pè ní Iṣibóṣẹ́tì sì ń jẹ́ Ẹṣibáálì. Báálì ni àwọn ará Kénáánì ń pe òrìṣà òjò àti ìjì wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ju "olúwa" tàbí "ọkọ" lọ, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ayé àtijọ́ sì lè fi pe Jèhófà pàápàá, ìdí nìyẹn tí wòlíì Hóséà fi ní láti kéde pé ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn kò ní í fi pe Ọlọ́run mọ́. Sọ́ọ̀lù kan náà tó bí Ẹṣibáálì ló bí Jónátánì, ẹni tí orúkọ Jèhófà wà nínú orúkọ tirẹ̀. Ilẹ̀ pàápàá jẹ́rìí sí i: orúkọ tó ní Báálì nínú pọ̀ lára àwọn àpáàdì ọ̀rúndún 8 ṣáájú ìbí Jésù tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde ní Samáríà ní 1910, ìkòkò kan tí wọ́n rí ní Khirbet Qeiyafa ní 2012 sì ní orúkọ Ẹṣibáálì mìíràn lára, ọmọ Bẹ́dà, tí kò bá ilé Sọ́ọ̀lù tan.

Èrò tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà, tí Abraham Geiger wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, ni pé àwọn adàwékọ, ìyẹn àwọn tó ń fi ọwọ́ da ìwé mímọ́ kọ láti ìran dé ìran, ló yọ Báálì kúrò tí wọ́n fi ìtìjú dípò rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Gídíónì náà, tí Jerubbáálì inú Ìwé Onídàájọ́ fi di Jerubbẹ́ṣẹ́tì nínú Ìwé Sámúẹ́lì. Matitiahu Tsevat tako èyí ní 1975, ó ní bóṣẹ́tì lè bá ọ̀rọ̀ Ákádì kan tó jẹ mọ́ iyì àti ààbò tan, kò sì ní í jẹ́ èébú rárá. Àlàyé náà fa ọkàn mọ́ra, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti fi í ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó ń jẹ́ bóṣẹ́tì níbìkan fi ń jẹ́ báálì níbòmíràn.

Pípa orúkọ òrìṣà rẹ́ lára orúkọ ènìyàn kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Láti ìgbà tí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti gbilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Fágbèmí ti di Olúgbèmí. Ṣùgbọ́n alààyè ló sábà máa ń ṣe èyí fún ara rẹ̀ tàbí fún ọmọ rẹ̀, orúkọ Ọlọ́run ló sì fi ń dí àlàfo. Irú oore bẹ́ẹ̀ kan ọmọ ọba Dáfídì, tó jẹ́ Bẹẹliádà nínú Kíróníkà ṣùgbọ́n tó di Ẹliádà nínú Sámúẹ́lì, tí a fi "Ọlọ́run" rọ́pò Báálì. Ọmọ Jónátánì kò rí irú rẹ̀ gbà.

Nínú ìtàn gan-an, ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí ìròyìn ikú bàbá àti bàbá ńlá rẹ̀ dé, tí alágbàtọ́ rẹ̀ gbé e sáré, tí ó ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi rọ. Ilé Mákírì ní Lódébárì ni Dáfídì ti ránṣẹ́ pè é lẹ́yìn náà, tó dá ilẹ̀ Sọ́ọ̀lù padà fún un, tó ní kó máa jẹun nídìí tábìlì ọba, tó sì fi Síbà ìránṣẹ́ Sọ́ọ̀lù, tó ní ọmọkùnrin 15 àti ẹrú 20, ṣe olùro ilẹ̀ náà. (Àwọn oníwàásù tó sọ Lódébárì di ìlú òṣì tí a ń gbàdúrà kúrò nínú rẹ̀ ti gbàgbé pé Mákírì yìí kan náà wà lára àwọn tó gbé oúnjẹ àti ibùsùn wá fún Dáfídì nígbà tó ń sá fún Ábúsálómù ọmọ rẹ̀.) Májẹ̀mú Dáfídì pẹ̀lú Jónátánì ni ìdí tí a sọ fún oore náà; ṣùgbọ́n pé ẹni tí ń jẹun nídìí tábìlì ọba kò kúrò lójú ọba, òǹkọ̀wé kò sọ ọ́, kò sì dí òǹkàwé lọ́wọ́ láti rò ó.

Nígbà ọ̀tẹ̀ Ábúsálómù ni ẹjọ́ náà bẹ́ sílẹ̀. Síbà pàdé ọba lọ́nà pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tó di búrẹ́dì 200, èso àti wáìnì, ó ní ọ̀gá òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù ó ń retí ìjọba bàbá rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Dáfídì fún un ní gbogbo ilẹ̀ náà. Nígbà tí ọba padà, Mefibóṣẹ́tì jáde wá pàdé rẹ̀, ó ní Síbà ló tan òun jẹ, nítorí pé arọ ni òun. Níbí ni ọwọ́ òǹkọ̀wé ti hàn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé láti ọjọ́ tí ọba ti lọ, ọkùnrin náà kò tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, kò tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe, kò sì fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rí tó wà lára ni, kì í ṣe ẹ̀rí ẹnu, ọba sì ń wò ó. Síbẹ̀ kò bi í léèrè nípa rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti tó, kí òun àti Síbà pín ilẹ̀ náà. Mefibóṣẹ́tì fèsì pé kí Síbà kúkú kó gbogbo rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ọba ti dé ilé ní àlàáfíà. Ẹni tó bá rántí ìyá tó ní kí a má ṣe la ọmọ sí méjì níwájú Sólómọ́nì yóò mọ ibi tí ìtàn náà tẹ̀ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó wá kéde rẹ̀.

Àwọn rábì inú Tálímọ́dì Bábílónì kò lè fara mọ́ ìpín ilẹ̀ náà: wọ́n ní bí Dáfídì ti sọ ọ́ ni ohùn kan láti ọ̀run dáhùn pé Rehobóámù àti Jeroboámù ni yóò pín ìjọba rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ sọ arọ náà di olùkọ́ òfin tí Dáfídì fúnra rẹ̀ ń bi léèrè. Ìdájọ́ wọn le ju ti òǹkọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n ó bá ìtàn náà mu ju orúkọ tí àwọn adàwékọ fi lé ọkùnrin náà lórí lọ. Nínú ìwé ìran Kíróníkà, tí kò mẹ́nu kan Síbà tàbí ẹsẹ̀ tó rọ, Merib-báálì bí Míkà, ìran Míkà sì ń lọ títí ó fi kan àwọn ọmọ Úlámù, alágbára tafàtafà, tí àpapọ̀ àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn jẹ́ 150.