Ìyá Nìkan Kọ́: Àyẹ̀wò Ìwádìí Kan lórí Àwọn Ọmọ tí ó ní Ọ́tísìmù ní Èkó

Ní ọdún 2016 ni Mashudat Bello-Mojeed, Cornelius Ani, Ike Lagunju àti Olayinka Omigbodun tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ọdún 2015. Ogún ìyá tí ọmọ wọn ní ọ́tísìmù ni wọ́n kó jọ láti ibi ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé, tí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kápá ìwà ìjà, ìbàjẹ́ dúkìá àti ìpara-ẹni-lára lọ́wọ́ àwọn ọmọ náà. Ìgbà márùn-ún péré ni wọ́n pàdé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn ìyá jẹ́rìí pé ìwà wọ̀nyí dín kù, ìmọ̀ tiwọn náà sì pọ̀ sí i. Iṣẹ́ yìí yẹ ní kíkà fún gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé bí ó ti rí yẹn ni a lè gbé e wọ Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgàǹdó.

(A yá ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù lò, nítorí pé àwọn orúkọ tí àwọn ènìyàn wa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí emèrè, odi tàbí ọmọ tí ayé ṣe, ẹjọ́ ni wọ́n ń dá, wọn kò ṣàpèjúwe ohunkóhun.)

Ìlànà iṣẹ́ náà ni ó wù wá jù. Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbáwí. Wọ́n yẹ ìwà ọmọ kọ̀ọ̀kan wò: kí ni ó ṣáájú rẹ̀, kí ni ọmọ ṣe gan-an, kí ni ó sì tẹ̀lé e? Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ tiwa. Ọmọ tí ó ń fi orí gbá ògiri nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń pariwo kì í ṣe olóríkunkun. Ariwo ni ó ń sá fún. Òmíràn lè gbá ògiri kan náà nítorí pé ìgbà tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún un ní bisikíìtì. Ìwà kan náà ni, ìdí rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà ètò ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní sáré na ọwọ́ sí pàṣán.

Kò sí ẹgbẹ́ ìfiwéra nínú ìwádìí náà, àwọn ìyá tí wọ́n kọ́ náà ni ó sì ń sọ bí ọmọ ti ṣe sí. Àwọn olùwádìí fúnra wọn pè é ní ìdánwò àkọ́kọ́, nítorí náà a kò ní fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi. Ohun tí ó kọ wá lóminú ni irú àwọn ìyá tí ó wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ni ó kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdírì. Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 kà wọ́n kọjá 1,200,000, ìjọba Èkó sì ní wọ́n lé ní 2,000,000. Ìyá tí ó ń pàtẹ ní ọjà Ìkòtún yóò pàdánù ọjà ọjọ́ márùn-ún, yóò sì tún san owó ọkọ̀. Lóòótọ́, inú àwọn tí ó kópa dùn sí ètò náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ráyè wá ni a bi léèrè.

Síwájú sí i, ta ni ó ń wo ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́? Ìyá àgbà ni, tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí ará ilé kejì. Bí ìyá bá fi bisikíìtì dù ú, tí ìyá àgbà fún un, ètò ti dàrú nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́tàdínlógún ni àwọn ọmọ náà, síbẹ̀ kò sí olùkọ́ kankan lára àwọn tí wọ́n kọ́. Èkó ti ní òfin lórí àwọn ènìyàn tí ó ní ìpèníjà ara láti ọdún 2011. Òfin àpapọ̀ tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 sì ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ní òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tí a kọ́ fún iṣẹ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè wà ní gbogbo kíláàsì. Àmọ́ olùkọ́ kíláàsì èyíkéyìí lè fa ìlà mẹ́ta sínú ìwé, kí ó kọ ohun tí ó ṣáájú, ìwà náà, àti ohun tí ó tẹ̀lé e.

Ìwádìí tí a ń retí ni èyí tí yóò lo Yorùbá, tí yóò sì wáyé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìgàǹdó. Kí ìyá máa kọ tirẹ̀ nílé, tàbí kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Kí olùkọ́ máa kọ tirẹ̀ ní kíláàsì, kí a sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ìwé ìyá bá fi hàn pé ìwà ń dín kù, tí ti olùkọ́ sì fi hàn pé ó ń pọ̀ sí i, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì kí ìwà náà tó bẹ̀rẹ̀ ni kí a lọ yẹ̀ wò.